Ìwé tí ó di fíìmù: ta ni ó ń sọ ìtàn òṣìṣẹ́?

  Ẹni tí ó ti oko dé, tí ó tún jókòó ti ìwé ní alẹ́, iṣẹ́ méjì ni ó ṣe ní ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà. Wọ́n á ní: «Olùkọ́, ìwé gígùn yìí, ṣé kò sí fíìmù rẹ̀? Bí fíìmù bá wà, kí ni mo ń da ojú mi láàmú fún?» Ìbéèrè náà dára, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Lónìí, fíìmù wà nínú tẹlifóònù tí ó wà lápò ọmọ yín. Ó ti dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa: nígbà tí ìwé bá di fíìmù, kí ni a rí gbà, kí sì ni a pàdánù?

Ìtàn òṣìṣẹ́ ni mo mú láti fi dáhùn. Mo mú un nítorí pé ìtàn ẹni tí ń fi agbára rẹ̀ jẹun, ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń bá a sọ ọ́.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ojú irin ní 1947

Ojú irin tí ó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Kútọnu ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dé Parakou ní 1936, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 438. Àwọn Faransé tí ń ṣe ìjọba nígbà náà pè é ní Bénin-Niger. Òun nìkan kọ́ ni wọ́n ní. Ọ̀kan wà láti Dakar dé ilẹ̀ Màlì, ọ̀kan wà ní Gínì, ọ̀kan wà ní Abidjan.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tó nǹkan bí 20 000. Ibrahima Sarr ni ó ṣíwájú wọn. Kí ni wọ́n ń bèèrè? Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ dúdú àti òṣìṣẹ́ funfun wà lábẹ́ òfin iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn dúdú, «olùrànlọ́wọ́» lásán ni a kọ orúkọ wọn sí. Ènìyàn lè ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ, kí ó má ní ilé iṣẹ́, kí ó má rí owó ìtọ́jú ọmọ gbà, kí a sì lé e ní ọjọ́ tí ó bá wu ọ̀gá.

Ìjọba kò gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò padà. Àwọn ti Abidjan padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìíní 1948, ṣùgbọ́n ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà kò parí títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta. Ó lé ní oṣù márùn-ún! Báwo ni ènìyàn ṣe ń jẹun ní oṣù márùn-ún láìgba owó? Oúnjẹ tí ó ti oko àwọn ìbátan wá ni, àti ohun tí àwọn obìnrin ń rí kó jọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin àgbẹ̀: bí kò bá sí abúlé, òṣìṣẹ́ ìlú kò lè dúró.

Nígbà tí wọ́n padà, owó ọ̀yà wọn lé sí i, a kò sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò rí gbogbo ohun tí wọ́n béèrè gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá iṣẹ́ ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ènìyàn ni òun ń bá lò.

Ìwé tí ó ti inú ìjà náà jáde

Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl kọ ìwé lórí ìjà yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Sembène Ousmane. Ìlú Ziguinchor ni a ti bí i ní 1923, apẹja sì ni bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ó ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ títún ṣe, ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn náà ó rékọjá sí Marseille ní ilẹ̀ Faransé, ó ń ru ẹrù ní èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni ó ti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó ti di ẹni tí ń ka ìwé gidigidi. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀ ni ó di òǹkọ̀wé yìí. Alárù ni.

Ní 1960 ó tẹ ìwé náà jáde ní èdè Faransé. Àkọlé rẹ̀ ni «Les bouts de bois de Dieu», èyí ni «Àwọn Igi Wẹ́wẹ́ Ọlọ́run». Kí ló dé tí ó fi pè é bẹ́ẹ̀? Nínú ìwé náà, bí wọ́n bá fẹ́ ka iye ènìyàn, wọn kì í sọ pé ènìyàn mélòó. Igi wẹ́wẹ́ mélòó ni wọ́n ń sọ, kí kíkà má baà gé ẹ̀mí ènìyàn kúrú. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa náà ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Nínú ìwé náà, ọ̀gá iṣẹ́ ti omi ẹ̀rọ pa, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò sì tà láwìn mọ́. Ebi wọ ilé. Ìyá kan wà tí ń jẹ́ Ramatoulaye. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ olówó, ó sì kọ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Àgbò ẹ̀gbọ́n yìí wọ ilé ìyá náà, ó jẹ ìrẹsì ìkẹyìn tí àwọn ọmọ ní. Ramatoulaye mú ọ̀bẹ, ó pa àgbò náà, ó sì pín ẹran rẹ̀ fún agbo ilé. Ọlọ́pàá dé, àwọn obìnrin kò sì sá. Lẹ́yìn èyí, àwọn obìnrin ìlú Thiès fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Dakar láti lọ sọ fún ìjọba pé àwọn wà lẹ́yìn ọkọ wọn.

Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà kò rí ìrìn àwọn obìnrin yìí nínú àkọsílẹ̀. Ṣé irọ́ ni Sembène wá pa? Rárá. Ìtàn àròsọ kì í ṣe ìwé ìṣirò owó. Àkọsílẹ̀ ìjọba ka ọkùnrin tí ó dáṣẹ́ sílẹ̀, kò ka obìnrin tí ó wá oúnjẹ tí ọkùnrin náà jẹ fún oṣù márùn-ún. Òǹkọ̀wé fi ìrìn kan mú wa rí ohun tí àkọsílẹ̀ kò fi hàn. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kò ní da ọ̀kan nù nítorí èkejì.

Òǹkọ̀wé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lè ka ìwé rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Sembène kọ ìwé ńlá lórí òṣìṣẹ́ ojú irin. Ta ni ó kà á? Àwọn ọ̀mọ̀wé kà á. Àwọn òyìnbó kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà àti àwọn ìyàwó wọn kò gbọ́ Faransé dáadáa, wọn kò sì mọ ìwé kà. Ìtàn wọn wà nínú ìwé, ìwé sì wà ní títì fún wọn, bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó rìn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó rí èyí kedere. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni ogójì ọdún kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Moscow. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òun ti dàgbà jù láti kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó gbọ́! Ó padà wálé, ó sì ń pe sinimá ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Dakar, «Borom Sarret» ti 1963, ọkùnrin tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó ẹrù àti èrò ni ó fi hàn, láti òwúrọ̀ tí ó jáde títí di ìgbà tí ọlọ́pàá gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ, àwọn ti ojú irin sì wà níwájú. Ní ọdún náà gan-an, Hubert Ogunde gbé ìjà náà sórí pèpéle nínú eré tí ó pè ní «Strike and Hunger», èyí ni «Ìdáṣẹ́sílẹ̀ àti Ebi». Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de eré náà ní ìlú Jos. A kì í fòfin de ohun tí kò bani lẹ́rù. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò lè ka ìwé ìròyìn lè wo eré, kí ó sì lóye.

Màńdà àti lẹ́tà: fíìmù méjì lórí àìmọ̀wé

Sembène kò sọ «Àwọn Igi Wẹ́wẹ́ Ọlọ́run» di fíìmù títí ó fi kú ní 2007. Ṣùgbọ́n ó sọ ìwé rẹ̀ mìíràn di fíìmù. Ẹ fetí sí méjì nínú wọn, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni.

Èkínní ni «Mandabi», tí ó jáde ní 1968. Ó ya á ní ẹ̀dà Faransé, ó sì ya á ní èdè Wolof, tí í ṣe èdè tí àwọn ará Dakar ń sọ lọ́jà. Ìtàn náà nìyí. Ibrahima Dieng kò níṣẹ́, ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ méje. Ọmọ ìbátan rẹ̀ ń gbálẹ̀ òpópónà ní Paris. Ó fi màńdà ránṣẹ́ sí i, èyí ni ìwé tí a fi ń gba owó ní pọ́ọ̀sì. Owó náà jẹ́ 25 000 faráǹ. Dieng kò mọ̀wé kà. Ẹlòmíràn ni ó bá a ka lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e.

Ó dé pọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí ó mú ìwé ọjọ́ ìbí àti fọ́tò wá. Ó dé ilé ìjọba ìlú, wọ́n bi í ní ọjọ́ tí a bí i, kò mọ̀ ọ́n. Ayàwòrán gba owó rẹ̀, kò fún un ní fọ́tò. Àwọn aládùúgbò sì ti gbọ́ pé owó dé, wọ́n ń wá yá a. Níkẹyìn, ìbátan rẹ̀ kan tí ó mọ̀wé ní kí ó fọwọ́ sí ìwé kan kí òun lè bá a gba owó náà. Ó gba á lóòótọ́. Ó wá sọ pé olè ti jí i, ó sì gbé àpò ìrẹsì lé Dieng lọ́wọ́. Owó tí ọmọ fi ìgbálẹ̀ rí ní Paris ti rá.

Kì í ṣe pé Dieng gọ̀. Ìwé ni gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ó ní láti gbà, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀kankan.

Èkejì ni «La Noire de…», ti 1966. Ìtàn kúkúrú tí Sembène ti tẹ̀ sínú ìwé ní 1962 ni. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Diouana bá tọkọtaya òyìnbó lọ sí Antibes ní ilẹ̀ Faransé. Ó rò pé ọmọ ni òun yóò máa tọ́jú, òun yóò sì rí ìlú. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ilé ni ó ń gbá, oúnjẹ ni ó ń sè, kò jáde, kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Diouana kò mọ̀wé kà. Ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin ni ó ka lẹ́tà náà sí i létí. Ó mú bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì, ó ń fi ẹnu Diouana sọ ohun tí Diouana kò sọ. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé èyí kì í ṣe lẹ́tà òun. Ó gba ìwé náà, ó fà á ya. Ní ìkẹyìn ìtàn náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi lẹ́tà yẹn. Ọ̀gá tí ń gba agbára rẹ ni ó tún ń bá ọ kọ̀wé sí ìyá rẹ. Ǹjẹ́ ó lè kọ ọ́ pé ìyà ń jẹ ọ́?

Ohun tí fíìmù máa ń mú kúrò

Fíìmù Sembène ṣe ohun tí ìwé rẹ̀ kò lè ṣe: ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀wé. A kò gbọdọ̀ kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìhà kejì.

Maxim Gorky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ ìwé «Ìyá» ní 1906. Obìnrin tálákà kan ni ìyá náà. Ọmọ rẹ̀ Pavel ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń jà fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀rù ń ba ìyá. Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Nígbà tí ó ti tó ọmọ ogójì ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó sunkún nítorí ọdún tí ó ti kọjá lọ láìmọ̀wé. Ṣùgbọ́n kò fi sílẹ̀. Ní ìparí, ọlọ́pàá mú un ní ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí ó ti gbé àpótí tí ó kún fún ìwé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ń fọ́n àwọn ìwé náà sí àwọn ènìyàn kí wọ́n lè kà á.

Ní 1926, Pudovkin sọ ìwé náà di fíìmù. Fíìmù náà ní òkìkí púpọ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó gùn tó nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ péré, kò sì ní ohùn. Nínú rẹ̀, ìyá di àsíá mú níwájú ológun ẹlẹ́ṣin, ó sì kú síbẹ̀. Ó wọni lára. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó yí padà: nínú ìwé, ìwé kíkà ni ohun ìjà ìyá, nínú fíìmù, àsíá ni. Ẹni tí ó wo fíìmù nìkan kò ní mọ̀ pé obìnrin kan tí ó tó ogójì ọdún jókòó bí ẹ̀yin ṣe ń jókòó, tí ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mark Donskoi, tí ó kọ́ Sembène ní Moscow, tún ìwé yìí kan náà yà ní 1955. Ìwé kan lè bí fíìmù púpọ̀, olúkúlùkù á sì mú ohun tí ó wù ú.

Ẹ gbọ́ òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, John Steinbeck kọ «The Grapes of Wrath» ní 1939, nípa àwọn àgbẹ̀ tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, tí wọ́n lọ ń ká èso fún owó kékeré ní California. John Ford sọ ọ́ di fíìmù ní 1940. Nínú ìwé, ìdílé náà kọ́kọ́ rí ìsinmi ní àgọ́ kan tí ìjọba kọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sínú ìdáṣẹ́sílẹ̀, ebi àti ìkún omi. Nínú fíìmù, a gbé àgọ́ rere náà sẹ́yìn. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ni ó ṣáájú, ìsinmi ni ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ètò rẹ̀ ni ó yí. Ẹni tí ó wo fíìmù á lọ sùn pẹ̀lú ìrètí; ẹni tí ó ka ìwé kò ní tètè sùn.

Ìbéèrè mẹ́ta

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo fíìmù tí ó ti inú ìwé wá, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkínní: kí ni wọ́n yọ kúrò? Ohun tí a yọ lè jẹ́ ohun tí ó kan ọ jù.

Èkejì: èdè ta ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀? Nínú «La Noire de…», Faransé ni a fi sí Diouana lẹ́nu, títí kan èrò inú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Dieng ń sọ èdè tirẹ̀. Ẹ ro ìyàtọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta: báwo ni ó ṣe parí, ta ni ó sì fẹ́ kí ó parí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó ni owó fíìmù ní ọwọ́ nínú ìparí rẹ̀.

Ẹ kò lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí bí ẹ kò bá mọ ìwé kà. Ìdáhùn mi sí ẹni tí ó ń bèèrè fíìmù dípò ìwé nìyí. Wo fíìmù, kò burú. Fíìmù á mú ọ rí ojú Dieng, á mú ọ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ẹlòmíràn ni ó yàn ohun tí o rí. Nínú ìwé, o lè dúró, o lè padà sẹ́yìn, o lè sọ pé: «Èyí kò rí bẹ́ẹ̀.» Fíìmù á sọ ìtàn fún ọ. Ìwé kíkà ni ó máa jẹ́ kí o lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ kan ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ti ṣiṣẹ́ lójú irin, tí ó ti gé ìrèké fún ilé iṣẹ́ ṣúgà, tí ó ti ru òwú lọ sí ọjà. Díẹ̀ ni ìtàn wọn tí ó wà nínú ìwé. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù yín lọ bá àgbàlagbà kan tí ó ṣiṣẹ́ rí. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ bi í ní iṣẹ́ tí ó ṣe, owó tí ó gbà, ohun tí ó ṣe é ní ìwọ̀sí, ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sí i. Ẹ kọ ìlà mẹ́wàá ní èdè wa.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ padà lọ kà á sí i létí. Bí ó bá ní «N kò sọ bẹ́ẹ̀», ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ, títí yóò fi sọ pé ọ̀rọ̀ òun nìyẹn.